Anti Yorùbá Wọ Àdìrẹ ní Ọjọ́rú

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, mo kó gbogbo aṣọ inú lọ́kà mi sórí bẹ́ẹ̀dì, mo sì tú rìbọ́ọ̀nù pupa kan tó ti wà láàárín wọn fún bí ọdún kan àbọ̀. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá wò mí títí, ó ní, "Ṣé ò ń kó lọ sílé ọkọ ni, àbí wọ́n ti lé ẹ?" Mo ní rárá, aṣọ ni mò ń tò. Ó ní ta ló ń to aṣọ nígbà tí ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rìbọ́ọ̀nù yẹn ti pẹ́ nínú mi, mo sì ti ṣèlérí fún olóòtú wa pé n óò kọ nǹkan kan kí a tó jáde, nítorí náà ẹ fi ara balẹ̀, ẹ gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé họ́sítẹ̀lì rí mọ irú lọ́kà tí mò ń sọ. Pákó ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, irin kan ṣoṣo ló dábùú inú rẹ̀. Hángà mẹ́tàlá ló ń gbà. Tí ẹ bá fi ìkẹrìnlá kọ́ ọ, ilẹ̀kùn á kọ̀, ẹ ó wá máa fi orúnkún tì í. Apá òsì rìbọ́ọ̀nù náà ni aṣọ iṣẹ́ mi wà: síkẹ́ẹ̀tì dúdú méjì, ṣẹ́ẹ̀tì funfun méjì, ọ̀kan tó jẹ́ àwọ̀ ojú ọ̀run, gáùn dúdú kan, kóòtù dúdú kan. Apá ọ̀tún ni tèmi wà: bùbá àdìrẹ, bùbù kàǹpálà, ṣòkòtò ańkárá tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ bí àsíá, jíǹsì, àti àwọn aṣọ ẹbí méjì tí mo sọ di nǹkan mìíràn. Ẹ ṣáà gbọ́ bí mo ṣe pè é: "tèmi". Bẹ́ẹ̀ èmi náà ni mo fi owó ara mi ra ti apá òsì. Kódà, òun ló gbówó lọ́wọ́ mi jù.

Ọdún kẹta ni mo wà nígbà tí iṣẹ́ náà dé. Ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan ń wá ẹni tí yóò máa kọ́ àwọn ọmọ JSS ní Yorùbá, àárọ̀ ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, ₦35,000 lóṣù. Ẹ̀gbọ́n kan tó jáde ní ẹ̀ka wa ló ń ṣe é tẹ́lẹ̀; nígbà tí ó fẹ́ di àgùnbánirọ̀, ó fà mí lé wọn lọ́wọ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ wọ́n fún mi ní ìwé òfin àwọn olùkọ́. Òfin mọ́kànlá ló wà nínú rẹ̀, mẹ́fà nínú mọ́kànlá sì jẹ́ ọ̀rọ̀ aṣọ. Kóòtù gbọ́dọ̀ wà lọ́rùn ní ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀. Síkẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ kọjá orúnkún. Bàtà gbọ́dọ̀ bo ìka ẹsẹ̀. "Native" ní ọjọ́ Ẹtì nìkan. Mo ka ìwé náà títí, mi ò rí ibi tí wọ́n ti sọ pé olùkọ́ gbọ́dọ̀ mọ iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n bóyá wọ́n gbà pé ìyẹn kò nílò kíkọ sílẹ̀.

Dùgbẹ̀ ni mo gbà lọ, sọ́dọ̀ àwọn olókìríkà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo kọ́ níbẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa máa tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá iṣẹ́ kiri. Ẹ má wo iwájú aṣọ. Abíyá ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà síìpù, lẹ́yìn náà kí ẹ na ìdí síkẹ́ẹ̀tì sí oòrùn, kí ẹ wò ó bóyá ibi ìjókòó ti ń tàn. Dúdú tó ti ń tàn kò ní padà di dúdú láéláé. Kóòtù tí ó bá ní aṣọ ìtẹ́nú onírọ́bà-rọ́bà, ẹ fi sílẹ̀ fún onítọ̀hún, àfi tí ẹ bá fẹ́ kí òógùn pa yín. Èmi kò mọ èyí nígbà yẹn. Kóòtù tí mo rà ní ₦6,000 dára lójú bí aṣọ lọ́yà, ṣùgbọ́n tó bá di aago méjìlá, tí kò síná, tí ọmọ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n sì ń mí nínú yàrá kan, ṣe ni ó dà bí ẹni pé wọ́n fi ewé pọ̀n mí bí mọ́ín-mọ́ín. Síkẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ náà fún mi lẹ́sẹ̀ débi pé mi ò lè gun ọ̀kadà. Mo jókòó ní ẹ̀gbẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, olọ́kadà fúnra rẹ̀ ló bẹ̀ mí pé kí n sọ̀ kalẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kẹ̀kẹ́ Márúwá ni mò ń wọ̀, owó ọkọ̀ sì fò sókè. Tí mo bá ṣírò kóòtù, síkẹ́ẹ̀tì, ṣẹ́ẹ̀tì àti bàtà, owó oṣù àkọ́kọ́ ti tán kí ó tó dé.

Rìbọ́ọ̀nù pupa yẹn kò ní ìtumọ̀ kankan nígbà tí mo so ó. Aago márùn-ún àbọ̀ ni mo máa ń jí, kì í sábà sí iná, mi ò sì fẹ́ tan tọ́ọ̀ṣì sójú àwọn tí a jọ ń gbé. Mo so rìbọ́ọ̀nù kí ọwọ́ mi lè mọ ibi tí aṣọ iṣẹ́ parí sí nínú òkùnkùn. Ó tán. Ṣùgbọ́n nígbà tó ṣe, mo rí i pé ọwọ́ mi kì í kọjá rìbọ́ọ̀nù mọ́. Láti ilé-ẹ̀kọ́ ni mò ń gbà lọ sí léṣọ̀, kò sí àyè láti pàrọ̀ aṣọ, nítorí náà kóòtù kan náà ni mo fi ń jókòó nínú kíláàsì Sintáàsì. Àwọn ọmọ kíláàsì wa sọ mí ní "Báńkà". Ọ̀rẹ́ mi kan ní òun kò rí mi nínú aṣọ mi mọ́. Mo rẹ́rìn-ín sí i. Nígbà tí mo délé, mo nawọ́ sí bùbù kàǹpálà mi, eruku ti wà ní èjìká rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni Ọjọ́rú tí mò ń wí ṣẹlẹ̀. Tááàmù kejì ni. Iṣẹ́ tó kàn fún JSS 2 lọ́jọ́ náà ni aṣọ wíwọ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Mo rò ó pé mi ò lè dúró nínú kóòtù dúdú níwájú àwọn ọmọ kí n máa ṣàpèjúwe bùbá fún wọn, bí ẹni tó ń ṣàpèjúwe ẹranko tí kò sí láyé mọ́. Mo kọjá rìbọ́ọ̀nù. Mo wọ bùbá àdìrẹ mi, mo fi síkẹ́ẹ̀tì dúdú sí ìsàlẹ̀, mo ká kóòtù sọ́wọ́, mo fi gèlè kan sínú báàgì pé n óò wé e lójú wọn.

Mi ò tíì ní kíláàsì tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn ọmọ tí wọ́n máa ń sùn tí a bá ń ṣe àrọko, ọjọ́ yẹn ṣe ni wọ́n ń dìde lórí àga. Mo bi wọ́n: kí ni à ń ṣe sí bùbá? Wọ́n ní à ń wọ̀ ọ́. Sí ìró ńkọ́? Ẹnì kan ní à ń wọ̀ ọ́, òmíràn ní rárá, à ń ró o ni. Gèlè? À ń wé e. Fìlà? À ń dé e. Ìbàǹtẹ́? Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n, mo ní à ń sán an ni. Ọ̀já? À ń gbà á. A kọ gbogbo rẹ̀ sójú bọ́ọ̀dù, ibẹ̀ ni èmi fúnra mi ti rí ohun tí mi ò rí tẹ́lẹ̀: apá ọ̀tún lọ́kà mi ní ọ̀rọ̀-ìṣe tirẹ̀ fún aṣọ kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe ń gbé e sára àti bí wọ́n ṣe ń kó o kúrò, torí à ń tú gèlè, à ń ṣí fìlà. Apá òsì, wíwọ̀ ni gbogbo rẹ̀: wọ ṣẹ́ẹ̀tì, wọ síkẹ́ẹ̀tì, wọ kóòtù, kí á sì bọ́ wọn. (Táì nìkan ló bọ́ nínú rẹ̀, nítorí à ń so ó, ṣùgbọ́n ẹran la máa ń so tẹ́lẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.) Tí ẹnikẹ́ni nínú àwọn ọmọ ọdún kejì bá ń wá àkòrí fún iṣẹ́ ìwádìí, mo ti fi èyí ta yín lọ́rẹ.

Ọmọkùnrin kan ní iwájú na ọwọ́ sókè. Mo rò pé ìbéèrè nípa ìbàǹtẹ́ ni. Ó ní, "Anti, ṣé Furáídè lòní ni?"

Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀ tí ọ̀gá wa gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kọjá. Wọ́n pè mí síta. Wọn kò jágbe mọ́ mi, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Ohùn jẹ́jẹ́ ni wọ́n fi ní, "Anti Yorùbá, ọjọ́ wo lòní?"

Mo ní, "Ọjọ́rú ni, mà."

"Native, ọjọ́ wo ni?"

"Ọjọ́ Ẹtì ni, mà. Ẹ má bínú, mà. Iṣẹ́ tí mò ń kọ́ wọn lónìí ni."

Wọ́n ní àwọn mọ̀. Wọ́n ní òbí lè wọlé nígbàkigbà, tí òbí bá sì wọlé, kò ní bèèrè iṣẹ́ tí mò ń kọ́, ohun tó rí ni yóò gbé lọ. Wọ́n ní kí n gbé kóòtù mi wọ̀. Mo tú gèlè, mo gbé kóòtù wọ̀ lórí àdìrẹ, mo ti bọ́tìnì rẹ̀ dé ọrùn, mo padà wọlé. Ọ̀rọ̀-ìṣe ṣì wà lójú bọ́ọ̀dù. Ọmọkùnrin yẹn wò mí, ó ní, "Anti, ṣé a ti ṣe tán?" Mo ní a ti ṣe tán, kí wọ́n máa kọ àkọsílẹ̀. Ìṣẹ́jú márùndínlógún ló kù kí agogo lù, a sì lo gbogbo rẹ̀ láìsọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin náà lè sọ pé òfin ni òfin. Mo gbà. Ẹni tó ń gba owó oṣù lọ́wọ́ èèyàn, tí wọn kò sì fi falẹ̀ lẹ́ẹ̀kan rí, kò gbọ́dọ̀ máa ṣe bí ẹni tí wọ́n jà lólè. "Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀" wà nínú ìwé tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ, mi ò lè yọ ọ́ kúrò nítorí pé ó dé orí mi. Ọ̀rọ̀ "native" yẹn ló wà lọ́kàn mi. Nílé-ẹ̀kọ́ kan náà, ọmọ tó bá sọ Yorùbá níta kíláàsì mi yóò san ₦50, ẹ̀sùn tí wọ́n á kọ sí iwájú orúkọ rẹ̀ ni "vernacular". Èdè ní ọjọ́ tirẹ̀, aṣọ ní ọjọ́ tirẹ̀. Kò sì sí ẹni tó ń pe kóòtù ní aṣọ ìbílẹ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ ohun tó jẹ́ gan-an nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì fi ìgbà gbogbo rí báyìí. Ní 1888, àwọn Onítẹ̀bọmi kan ní Èkó yapa kúrò lábẹ́ àwọn míṣọ́nnárì, wọ́n sì pe ìjọ tiwọn ní Native Baptist Church. Ìyì ni wọ́n fi "Native" yẹn ṣe. David Brown Vincent, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú wọn, yí orúkọ rẹ̀ padà sí Mojọlá Agbebi ní 1894, ó fi aṣọ òyìnbó sílẹ̀, aṣọ ilẹ̀ wa ló sì ń wọ̀ kiri títí dé ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó fúnra wọn. Màmá Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kàwé ní Ìlú Ọba. Nígbà tí wọ́n ń kó àwọn obìnrin ọjà Abẹ́òkúta jọ lórí ọ̀rọ̀ owó orí ní àwọn ọdún 1940, ìró àti bùbá ni wọ́n ń wọ̀, Yorùbá ni wọ́n sì ń sọ níbi ìpàdé. Aṣọ àti èdè lẹ́ẹ̀kan náà. Mo mọ àwọn ìtàn wọ̀nyí dáadáa. Mo ti gba máàkì lórí wọn. Lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí n gbé kóòtù wọ̀, mo gbé e wọ̀.

Ní ìsinmi Àjíǹde, èmi àti Màámi lọ kí Ìyá Àgbà ní Abẹ́òkúta. Wọ́n ta gàrí ní ọjà Kútọ̀ ju ogójì ọdún lọ kí ẹsẹ̀ tó ní ó tó. Mo ro ẹjọ́ kóòtù fún wọn, mo rò pé wọ́n máa bá mi bínú sí ọ̀gá wa. Wọn kò bínú. Ohun tí wọ́n bèèrè ni pé kí ni ó ń jẹ́ aṣọ iṣẹ́. Mo ní aṣọ tí èèyàn ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ nìkan. Wọ́n ní, "Nìkan? Tó bá wá gbó ńkọ́, Àṣàkẹ́?"

Mi ò ní èsì. Wọ́n ní kí n fa àpótí wọn jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Aṣọ inú àpótí náà kò pín sí ọ̀nà méjì. Bí Ìyá Àgbà ṣe ń fa ọ̀kọ̀ọ̀kan yọ ni wọ́n ń sọ ibi tó dé. Aṣọ á kọ́kọ́ jẹ́ ìmúròde, ti ọdún àti ti ìyàwó. Tó bá ṣe, tí ojú bá ti mọ̀ ọ́n, á di aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di ti ọjà. Tí ọjà bá ti jẹ ẹ́ létí, ó di ti ilé, a ó fi sùn. Lẹ́yìn náà wọn á fà á ya sí méjì, á di ọ̀já tí wọ́n fi pọn ọmọ. Wọ́n fi ọ̀kan tí wọ́n fi pọn èmi hàn mí. Ìkẹyìn, àkísà, tí wọ́n fi ń gbé ìkòkò kúrò lórí iná. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà: mo ti kọ òwe yẹn sójú bọ́ọ̀dù láìmọye ìgbà, ọjọ́ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fojú rí àkísà tó ń wí. Aṣọ ọjà wọ̀nyẹn, tó jẹ́ pé aṣọ iṣẹ́ wọn gan-an ni, àdìrẹ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n rí bóyá Furáídè ni.

Nísàlẹ̀ pátápátá ni èyí tí kò rìn rárá wà. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni, irú èyí tí wọ́n ń fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ láfún sórí aṣọ funfun kí wọ́n tó rì í sínú aró, tí ibi tí ẹ̀kọ bò kò ní gba aró. Ìbàdàndùn ni iṣẹ́ ọnà ara rẹ̀: àwọn òpó gbọ̀ngàn Mápó, tí wọ́n ṣí ní 1929, wà lára rẹ̀ láàárín àwọn ìlà mìíràn. Dúdú rẹ̀ jinlẹ̀ débi pé ó ń pọ́n díẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án. Kò tíì kan omi rí. Ìyá Àgbà ní Ìtòkú ni àwọn ti rà á, pé kí àwọn ró o ní ọjọ́ tí Màámi bá jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Màámi lóyún ẹ̀gbọ́n mi nígbà tó ku ọdún kan. Wọn kò padà.

Wọ́n gbé e lé mi lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní, "Ìwọ ni tísà tó dé. Gé e, kí o fi rán ohun tí wọ́n bá gbà kí o wọ̀."

Màámi tó ti ń ka ìwé ìròyìn láti àárọ̀ gbé ojú sókè. Wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má jẹ́ kó gé e." Ìyá Àgbà ní aṣọ tí a kò wọ̀, kí ni a fẹ́ fi ṣe? Màámi ní àwọn kò mọ̀, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi sísọ́ọ̀sì kan án. Ohùn wọn ti yí padà. Ní ilé wa, Màámi kì í bá ìyá wọn jiyàn, nítorí náà gbogbo wa dákẹ́, a jẹ ẹ̀bà, a sì lọ sùn.

Nígbà tí mo jí, Màámi ti wà ní ìta, lórí àpótí ìjókòó, àdìrẹ náà ní itan wọn, bíléèdì lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀rù bà mí. Nígbà tí mo súnmọ́ ọn ni mo rí i pé ojú ìránṣọ ni wọ́n ń tú. Tí ẹ bá ti di àdìrẹ àtijọ́ mú rí, ẹ ó mọ̀ pé aṣọ méjì tó tó ọ̀pá méjì àbọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa ń rán pọ̀ láàárín kí ó tó fẹ̀ tó ìró. Wọ́n tú u díẹ̀díẹ̀, láìfa òwú kan ya. Wọ́n ká ìdajì kan, wọ́n fún mi. "Èyí ni kí o gé." Wọ́n ká ìdajì kejì sí abẹ́ apá wọn, wọ́n sì wọlé lọ ṣe tíì.

Mi ò gbé e lọ sọ́dọ̀ télọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá wa ni mo kọ́kọ́ lọ, torí mi ò fẹ́ gé irú aṣọ yẹn kó wá di ti ọjọ́ Ẹtì. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn, mo ní, "Mà, tí àdìrẹ bá jẹ́ kóòtù ńkọ́?"

Wọ́n ní, "Kóòtù gidi?"

"Kóòtù gidi, mà. Ó máa ní kọ́là, ó máa ní bọ́tìnì mẹ́ta."

Wọ́n ronú sí i. Wọ́n ní, "Kóòtù ni kóòtù."

Mo dúpẹ́, mo jáde, mo fi ẹ̀rín ara mi sínú títí mo fi dé ìdí ọ̀pẹ tó wà ní géètì. Gbogbo àkókò yìí, mo ti rò pé aṣọ fúnra rẹ̀ ni wọn kò fẹ́. Gígé rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Bí a ṣe gba ọ̀rọ̀ náà wọlé nìyẹn, ẹ wo "kóòtù": a gba ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn, a fi fáwẹ̀lì dí i ní ìparí, a fi ohùn sí i, ó di tiwa, ẹnikẹ́ni kò sì ní kí á dúró di ọjọ́ Ẹtì kí á tó sọ ọ́. Lẹ́yìn ẹ̀rín, inú bí mi díẹ̀. Inú ṣì ń bí mi. Mi ò rò pé ó yẹ kí n kúnlẹ̀ tọrọ àyè láti wọ aṣọ ìyá ìyá mi lọ kọ́ èdè ìyá mi. Ṣùgbọ́n mo kúnlẹ̀, mo sì rí kóòtù rán.

Télọ̀ mi fi ọjọ́ méjì wò ó kó tó gé e. Ó ní kò sí àyè àṣìṣe nínú ọ̀pá méjì àbọ̀, àti pé òun fẹ́ kí Mápó bọ́ sí àárín ẹ̀yìn gan-an. Ó bọ́ síbẹ̀. Kò fi aṣọ ìtẹ́nú sí i, ọpẹ́lọpẹ́ mo ti kọ́gbọ́n. Ọjọ́ Ajé ni mo kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, lórí ṣẹ́ẹ̀tì funfun mi tó dára jù. Àwọn olùkọ́ méjì bi mí níbi tí mo ti rán an. Ọ̀gá wa wò ó láti òkè dé ilẹ̀, wọ́n ní kí n wá pe àwọn ọmọ sí ìlà. Ó tó aago mọ́kànlá kí oòrùn tó mú gan-an, ìgbà náà ni ọmọbìnrin kan ní ẹ̀yìn kíláàsì pariwo pé, "Anti, ọrùn yín ti di búlúù!"

Aṣọ tí kò kan omi rí láti nǹkan bí ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ta ló rán mi? Òógùn ti bá aró inú rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọrùn mi búlúù, kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì búlúù, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì búlúù. Mo pe Ìyá Àgbà lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi gbé fóònù fún ẹlòmíràn. Wọ́n ní kí n dá a fọ̀ nínú omi tútù ní ìgbà mélòó kan, kí n sá a sí ibòòji. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Aró náà ti ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun yẹn kò padà sípò mọ́. Òun ni mo fi ń sùn báyìí.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rìbọ́ọ̀nù ti wá. Nígbà tí ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ ti di aṣọ orun, tí kóòtù iṣẹ́ jẹ́ àdìrẹ, tí mo ti ń wọ ṣòkòtò ańkárá sábẹ́ kóòtù náà lọ sí léṣọ̀ lọ́jọ́ tí mi ò níṣẹ́, mi ò mọ apá tí ó yẹ kí n fi èyíkéyìí sí mọ́. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta mo wá tò wọ́n bíi ti àpótí Ìyá Àgbà, tuntun ní ọ̀tún, èyí tó ti rìn jìnnà ní òsì. Kóòtù dúdú ti Dùgbẹ̀ ló kángun sí òsì jù. Mi ò tíì lè sọ ọ́ di àkísà, nítorí onírọ́bà kì í fa omi.

Wọ́n ti lẹ ìwé mọ́ ara ògiri ẹ̀ka wa pé kọ́pọ́réètì ni kí gbogbo wa wọ̀ wá gbèjà iṣẹ́ àpilẹ̀kọ wa. Mo lọ bi alábòójútó mi bóyá kóòtù àdìrẹ wà nínú rẹ̀. Wọ́n wo ara tiwọn, bùbá àti ṣòkòtò, fìlà gọ̀bì lórí, wọ́n ní kí n lọ tún orí kẹta mi ṣe.

Màámi ní ìdajì kejì kò tó àwọn ró, ìpèlé ni àwọn máa fi ṣe lọ́jọ́ tí mo bá gboyè. Wọ́n ti ń béèrè ọjọ́ náà lọ́wọ́ mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá sì ti ní òun fẹ́ yá kóòtù náà fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kan lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo ti sọ fún un kó má wọ nǹkan funfun sábẹ́ rẹ̀.